Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò ògiri Ìjẹ̀bú kí a tó kùn ún

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ń bínú sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò ògiri tó ti bó àti páànù tó ti dípẹtà káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní ìtìjú ni wọ́n ń kó bá ìlú, pé ẹni tó bá fẹ́ ya Ìjẹ̀bú, kó dúró de Ojúde Ọba, kó ya ẹṣin, kó ya àrán, kó ya àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nínú aṣọ òkè. Mo bọ̀wọ̀ fún un, torí ìfẹ́ ìlú ló mú un sọ ọ́. Ṣùgbọ́n akunlé ni mí láti kékeré, ògiri ni mo ń jẹ, ara ògiri tó gbó ni mo sì ti rí ohun tó dùn ún wò jù nílùú yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Kí n tó fi ohunkóhun ha ògiri, mo máa ń kọ́kọ́ yà á sínú fóònù mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ó yẹ kó mọ ohun tó ń bò.

Ẹ jẹ́ n mú yín dé ibi ògiri kan nítòsí Ìta-Alẹ̀. Ìyá onílé ní kí n ha gbogbo rẹ̀ kúrò kí n tó fi ọ̀dà tuntun sí i. Àwọ̀ mílíìkì ló wà lókè, etí rẹ̀ ti ká. Bí mo ṣe ń ha á, àwọ̀ ewé jáde lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ àwọ̀ ewé, mo bá ẹfun tí wọ́n po búlúù ìfọṣọ mọ́, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń fi kun yàrá nígbà tí ọ̀dà inú agolo ò tíì kárí. Orí búlúù yẹn ni lẹ́tà dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹsẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn wálẹ̀ díẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti ṣàn kó tó gbẹ: ORÍ GÍGẸ̀, 1/6. Ṣílè kan àti sísì nìyẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ gbapò lọ́wọ́ pọ́n-ùn àti ṣílè. Lóòótọ́, àwọn àgbà ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún ń kọ owó bẹ́ẹ̀ sára ògiri mọ́.

Mo pe ìyá onílé. Wọ́n wò ó, wọ́n fi ìka tọ ìdí lẹ́tà náà, wọ́n ní, “Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni yàrá yìí nígbà tí wọ́n gbé mi wá sílé ọkọ. Mo rò pé ó ti parẹ́ ni.” Wọ́n ní kí n yà á dáadáa fún àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó. Mo yà á. Lẹ́yìn náà ni mo kùn ún, torí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn.

Ẹni tó ń pe ògiri tó bó ní òṣì, kó gbọ́ ohun tó ń mú un bó. Púpọ̀ nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ wa, amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ Nkálágù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní 1957, tí Ewékorò sì tẹ̀lé e ní 1960, ọkọ̀ òkun ló ń kó o wá, olówó ló sì ń rà á. Amọ̀ máa ń mu omi nígbà òjò, á wú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á súnkì. Sìmẹ́ńtì ò lè bá a wú, kò lè bá a súnkì, ni àwọn méjèèjì bá pínyà. Ibi tí sìmẹ́ńtì ti ré bọ́, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gan-an ló yọjú síta yẹn. Àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òtòṣì rárá. Oníṣòwò tó ń ná ọjà Ejìnrìn ń bẹ nínú wọn, àwọn tó rí ọnà tí àwọn Àgùdà gbé ti Brazil dé Èkó, tí wọ́n sì ní kí bíríkìlà ṣe irú rẹ̀ sórí fèrèsé àwọn náà. Ọnà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Òjò ti jẹ etí rẹ̀, ó sì lẹ́wà sí i lójú tèmi.

Páànù náà ní bó ṣe ń ṣe é. Síǹkì ni wọ́n fi bo irin rẹ̀. Ojú ìṣó àti etí tí wọ́n gé ni ìpẹtà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni irin ti hàn síta, omi òjò á wá máa fà á lọ sísàlẹ̀ ní ìlà ìlà. Ẹ gun orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Pórógun nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn òrùlé tó wà nísàlẹ̀: sányán níhìn-ín, àlàárì lọ́hùn-ún, àwọn tó ṣì ń dán díẹ̀ láàárín wọn. Mi ò tíì rí aṣọ òkè tó dára jù ú lọ.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́ ní òkè òkun. Brassaï, ayafọ́tò kan tó gbé ní Paris, ya ohun tí àwọn ará ìlú náà fi ìṣó àti ọ̀bẹ gbẹ́ sára ògiri láti àwọn ọdún 1930, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní ilé ọnà ńlá kan ní New York ní 1956. Aaron Siskind ará Amẹ́ríkà, olùkọ́ ọmọ iléèwé ni. Ènìyàn ló kọ́kọ́ ń yà, nígbà tó yá ó dojú kọ ọ̀dà tó bó àti pátákó tó fàya. Nígbà tí mo rí tirẹ̀, ògiri kan nítòsí Sábó ní Ṣàgámù ni mo rántí. Pósítà ìbò ni wọ́n lẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀, láti ìbò dé ìbò, tí òjò sì ti ya á wẹ́wẹ́. Fìlà olóṣèlú kan ló ṣẹ́kù lókè; ojú tó wà lábẹ́ fìlà náà, ti ẹlòmíì tó du ipò ṣáájú rẹ̀ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Ẹni tó bá fẹ́ yà á, kó jí. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára ògiri, gbogbo ohun tó bá yọ síta díẹ̀ á ní òjìji tirẹ̀. Ti ọ̀sán gangan á sọ gbogbo rẹ̀ di pẹrẹsẹ. Ẹ sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn òjò, amọ̀ á pọ́n sí i.

Mi ò sọ pé ká má tún ilé ṣe. Ògiri tó lanu tí ìka lè wọ̀, tí ojú ibẹ̀ dagun láti igun fèrèsé lọ sókè, ẹ pe bíríkìlà, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá yẹn. Ẹ tún máa gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Aṣọ tó wà lórí okùn, ọmọ tó wà níhòòhò, arúgbó tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má yà wọ́n. Níbi èyí, èmi àti ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn fohùn ṣọ̀kan pátápátá: ìyà ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń pàtẹ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé, Olóòtú. Ọdọọdún ni ẹ máa ń fi ojú ewé tó pọ̀ sílẹ̀ fún fọ́tò Ojúde Ọba, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ògiri ní ojú ewé kan, kí àwọn tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù máa fi tiwọn ránṣẹ́. Kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò sí i, ọdún tí wọ́n yà á, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà rí bí àgbà kan bá ṣì wà tó lè sọ. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ilé tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì X sí lẹ́bàá títì, torí katapílà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dúdú àti funfun.

Èmi ni tiyín,
Akunlé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde