Ẹ yẹ ìwé àdéhùn wò kí ẹ tó bèèrè orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Kò sí ìgbà tí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà lé akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ tí ìbéèrè kan náà kì í gba ẹnu gbogbo èèyàn: ta ló kàn? Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá o. Èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré ni, tí àṣíborí ń kọlu àṣíborí. Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó láṣẹ láti yan akọ́nimọ̀ọ́gbá, ká sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀. Ibi méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ń kó sí kòtò.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Àwọn ọmọ tó ń jẹ́ Olusegun Oluwatimi, Olumuyiwa Fashanu àti Oluwafemi Oladejo ti gba ojú pápá yunifásítì kọjá sí NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀lé wọn bọ̀. Tí wọ́n bá pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá lálẹ́, ilé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni tẹlifóònù ti máa kọ́kọ́ dún láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Texas A&M. Ní ìparí 2017, wọ́n gba Jimbo Fisher láti Florida State, níbi tó ti gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní sáà 2013. Ọdún 10, mílíọ̀nù dọ́là 75, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ dá a lójú: ó ṣe dáadáa o, kò ṣe dáadáa o, owó rẹ̀ ni. Ní 2021, wọ́n tún ìwé náà kọ, wọ́n sún un dé 2031, wọ́n fowó kún un. Nígbà tí wọ́n máa fi lé e ní oṣù kọkànlá 2023, owó ìdágbére tó wà lọ́rùn wọn ti lé ní mílíọ̀nù 75. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 ni wọ́n gbọ́dọ̀ san láàárín ọgọ́ta ọjọ́, ìyókù ń lọ lọ́dọọdún, mílíọ̀nù méje àti díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí di 2031. Èyí tó burú jù ni pé kò sí ìlà kankan nínú ìwé náà tó sọ pé tí Fisher bá ríṣẹ́ síbòmíràn, kí wọ́n yọ owó ibẹ̀ kúrò nínú gbèsè yìí.

Ẹ wá wo Penn State. Ní oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n lé James Franklin, owó ìdágbére tirẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 49. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wáṣẹ́, pé ohun tó bá ń gbà níbòmíràn máa dín gbèsè náà kù. Nígbà tó máa di oṣù kọkànlá, Virginia Tech ti gbà á, mílíọ̀nù 9 ni Penn State sì fi parí ọ̀rọ̀. Ìlà kan péré nínú ìwé ló dá ogójì mílíọ̀nù dọ́là padà sápò wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò, kó fojú fo ojú ìwé àkọ́kọ́ ná, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìpínyà. Ìdá mélòó nínú owó tó kù ni wọ́n máa san? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni, àbí díẹ̀díẹ̀ dé ìparí àdéhùn? Ṣé ó pọn dandan fún un láti wáṣẹ́? Tí òun fúnra rẹ̀ bá já ilé-ìwé jù sílẹ̀ ńkọ́, èló ló máa san? Lẹ́yìn náà ni kó wá ibi tí wọ́n to àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ lé e láìsan kọ́bọ̀ sí. Ibi tí agbẹjọ́rò méjèèjì máa ń jà sí jù nìyẹn. Tennessee lo ìlà yìí ní oṣù kìn-ín-ní 2021 nígbà tí wọ́n lé Jeremy Pruitt nítorí pé wọ́n ń fi owó àti ẹ̀bùn tan àwọn ọmọ wá sílé-ìwé. Ẹjọ́ 18 tó wúwo ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, padà kà sí ẹgbẹ́ náà lọ́rùn. Ká ní ìlà náà kò já gaara ni, wọn ì bá sanwó fún ẹni tó kó wọn sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Kí ló dé tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń fọwọ́ sí ìwé tó burú? Wàhálà àkókò ni. Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá ni ìdíje tí wọ́n ń gbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń parí, Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá sì ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń buwọ́ lùwé láti wá sí yunifásítì. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló máa ń wà láàárín wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni pọ́tà máa ṣí, ìyẹn ibi tí agbábọ́ọ̀lù ti ń forúkọ sílẹ̀ pé òun fẹ́ kúrò. Ní 2026, ọjọ́ 2 sí 16 oṣù kìn-ín-ní ni. Ilé-ìwé tí kò bá ní akọ́nimọ̀ọ́gbá lásìkò yìí máa pàdánù ọmọ tó ń bọ̀, ó tún máa pàdánù èyí tó wà nílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lé èèyàn láti oṣù kẹwàá, tí wọ́n sì ń buwọ́ lu ohun yòówù tí aṣojú akọ́nimọ̀ọ́gbá bá gbé síwájú wọn.

Aṣojú yìí gan-an, ẹ ṣọ́ra fún un. Bí alárinà ni: ó mọ ilé ọkọ, ó mọ ilé ìyàwó, ó sì tún ń bá ilé kejì sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Jimmy Sexton nìkan ló ṣojú Nick Saban, Jimbo Fisher àti Lane Kiffin. Bí orúkọ oníbàárà irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti hàn nínú ìwé ìròyìn pé ilé-ìwé kan ń wá a, ilé-ìwé tó wà tẹ́lẹ̀ á yára fowó kún owó rẹ̀. Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó ń wá a rárá.

Ti àṣẹ ńkọ́? LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, ló fi èyí hàn ayé. Texas A&M fi 49 sí 25 nà wọ́n nílé ní oṣù kẹwàá 2025, lọ́jọ́ kejì wọ́n lé Brian Kelly, nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 ló sì kù fún un nínú àdéhùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, Jeff Landry, gómìnà Louisiana, sọ ní gbangba pé Scott Woodward tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka eré ìdárayá kò ní yan ẹni tó kàn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú tí Woodward fi kúrò. Woodward yìí náà ló gba Fisher sí A&M ní 2017, òun náà ló gba Kelly sí LSU ní 2021. Ọ̀rọ̀ wá di pé ṣé ẹni tó lé Kelly tiẹ̀ láṣẹ láti lé e, Kelly gba kóòtù lọ, kí ilé-ìwé tó padà gbà pé àwọn lé e láìsí ẹ̀sùn. Gbogbo èyí ìbá má ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ẹni báyìí ló ń lé, ẹni báyìí ló ń gbà, ìgbìmọ̀ báyìí ló ń fọwọ́ sí i, àwọn olówó báyìí ló sì máa san án.

Wàyí o, báwo ni wọ́n ṣe ń wá ẹni náà? Ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá tó mọṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé kan tó ń tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀, orúkọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tó ń tún ṣe lọ́dọọdún, kódà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń borí. Alabama ò bá ti rí Kalen DeBoer mú láti Washington ní ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí Saban, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní 2024 tí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìyára yẹn, Caleb Downs, ọmọ tó dáa jù nínú àwọn adènà ẹ̀yìn wọn, gba Ohio State lọ, Ohio State sì gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn DeBoer náà kò tòrò: Washington lọ mú Jedd Fisch ní Arizona, Arizona lọ mú Brent Brennan ní San Jose State, San Jose State lọ mú Ken Niumatalolo. Ilé-ìwé mẹ́rin ni ìfẹ̀yìntì ẹnìkan dà rú kí oṣù kan tó pé.

Ìwádìí ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ aṣàwárí. Ẹ má gbàgbé Notre Dame. Ní oṣù kejìlá 2001 wọ́n kéde George O'Leary. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé oyè másítà tó kọ sínú ìwé rẹ̀ kò sí, àti pé bọ́ọ̀lù tó ní òun gbá ní yunifásítì New Hampshire, irọ́ ni. Ìpè méjì sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilé-ìwé méjì ìbá ti tú u fó. Ẹni tó ń wádìí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò gbọ́dọ̀ dúró lọ́dọ̀ ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ pé kí wọ́n bi òun léèrè. Kó lọ bá àwọn igbákejì tó ti fi í sílẹ̀, ẹni tó ń rí sí ìtẹ̀lé òfin níbi tó ti ṣiṣẹ́, dókítà ẹgbẹ́, àti akọ̀wé tó ń gba ìpè rẹ̀. Akọ̀wé máa ń mọ̀ ju ọ̀gá lọ.

Bí wọ́n bá jókòó bá a, ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé àwọn wo ló ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Ẹnìkan kò lè darí ikọ̀ ìkọlù, ikọ̀ ìdènà àti ìgbanisíṣẹ́ nìkan. Èkejì ni bó ṣe máa pín owó. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2025, ìparí ẹjọ́ tí àwọn eléré ìdárayá pe NCAA, tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ House, ti fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan láyè láti pín tó mílíọ̀nù dọ́là 20.5 fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù yìí ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ti mú òfin tó fi ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ mọ sí 85 kúrò, èèyàn 105 ló lè wà nínú ẹgbẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò lè sọ iye tó fẹ́ ná lórí quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí ìkọlù, àti iye tó fẹ́ ná lórí àwọn òǹdènà iwájú, kó lọ kà á wá.

Àkọsílẹ̀ ìborí náà ní bí wọ́n ṣe ń kà á. Indiana gbá 3 borí nínú 12 ní 2023. Wọ́n lọ mú Curt Cignetti ní James Madison, ilé-ìwé tí kì í ṣe ojúlùmọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá wo orúkọ nìkan á kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá wo ìwé á rí i pé ó borí 52, ó pàdánù 9 níbẹ̀, pé ó ti bá Saban ṣiṣẹ́ ìgbọmọ wọlé ní Alabama, àti pé olùdarí ìkọlù àti ti ìdènà rẹ̀ máa bá a wá. Agbábọ́ọ̀lù 13 láti James Madison náà tẹ̀lé e. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n borí 11. Lọ́dún kejì, wọ́n borí 16 láìpàdánù ẹyọ kan, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. North Carolina ní tiwọn gbé orúkọ tó tóbi jù nínú bọ́ọ̀lù náà, Bill Belichick, tó gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ NFL, mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣùgbọ́n tí kò kọ́ ẹgbẹ́ yunifásítì rí. Mílíọ̀nù 10 lọ́dún. Sáà àkọ́kọ́: borí 4, pàdánù 8.

Fún àwọn òbí. Tí wọ́n bá lé akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kó forúkọ sí pọ́tà lálẹ́ ọjọ́ náà. Òfin tuntun ti 2025 fún un ní ọjọ́ 15, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, torí náà ó láyè láti gbọ́ ohun tí ẹni náà máa sọ. Oluwatimi dúró títí Bronco Mendenhall fi kúrò ní Virginia ní ìparí 2021, ó gba Michigan lọ, ó sì gba ẹ̀bùn Outland àti Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn tó dáa jù níwájú, ní 2022. Kíkúrò kì í ṣe àìdáa, kíkúrò láìmọ ibi tí èèyàn ń lọ ló léwu. Ẹ ka ìwé owó tí ọmọ buwọ́ lù: ilé-ìwé ni ó bá ṣe é, kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì lè jẹ́ pé ó máa dá nínú rẹ̀ padà tó bá lọ. Ọmọ tó ti Nàìjíríà wá pẹ̀lú físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ní láti lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ṣáájú ohunkóhun, torí ilé-ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú SEVIS, ìwé ìjọba lórí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, ránṣẹ́ kí tuntun tó lè fún un ní I-20, ìwé tí físà náà dúró lé. Físà yẹn kan náà sì dí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ owó lọ́wọ́, ìpolówó ọjà wà lára rẹ̀.

Ìwé àdéhùn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba jẹ́ ìwé gbogbo ìlú. Èèyàn lè kọ̀wé béèrè rẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni bíi Notre Dame kò ní ojúṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ọmọ tó buwọ́ lùwé, kí ẹ sì wo ọdún tó máa parí àti iye tí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa san tó bá lọ. Tí iye yẹn bá kéré gan-an, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé pé ta ló máa kọ́ ọmọ náà lọ́dún kejì.

Òǹkàwé yín,
Houston, Texas