Fọ́ọ̀mù kóòtù gbèsè yẹ kó wà ní Yorùbá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde nítorí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ tí oníbàárà ń jẹ lówó.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Àsansílẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí: nǹkan bí ìdajì kí a tó ra bébà, ìyókù nígbà tí ẹrù bá jáde. Ṣùgbọ́n tó bá di iṣẹ́ òkú, ta ló fẹ́ di ẹrù mú nígbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìsìnkú? Ọkùnrin kan gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ wá, pẹ̀lú jọ́tà tí wọ́n fẹ́ pín fún àlejò. ₦540,000 la jọ fẹnu kò sí, ó sì fi ₦250,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi. Mo kó ẹrù fún un lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n lè rí i lò. Wọ́n sin ìyá, wọ́n jó, wọ́n náwó fún onílù. Báláǹsì mi kò dé. Oníbébà ń béèrè owó tirẹ̀, ọmọ tó ń bá mi gé ìwé náà ń béèrè. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi ni mo fi dí i.

Gbogbo ènìyàn ní kí n fi ọlọ́pàá mú un. Mo kọ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ẹni tó bá sì gba ọ̀nà yẹn, ẹ bi í léèrè bóyá owó rẹ̀ pé nígbà tó délé. Èmi náà kò ráyè ìlóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè bí àwọn òṣómàálò ayé àtijọ́. Ẹ̀rọ mi kò gbọdọ̀ dúró.

Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké ni mo gbà lọ, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ kóòtù májísíréètì l'Ékòó lọ́dún 2018. Gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, iye owó náà sì gbọ́dọ̀ dájú, kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fojú bù. Ẹ lè ro ẹjọ́ yín fúnra yín láìgba lọ́yà. Láti ọjọ́ tí ẹ bá pe ẹjọ́ dé ọjọ́ ìdájọ́, ìlànà wọn ni pé kò gbọdọ̀ kọjá 60 ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe ẹjọ́ rárá, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé béèrè owó yín lọ́wọ́ onígbèsè, lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní SCA 1, kí ìwé náà sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí a dé iwájú májísíréètì, oníbàárà mi ní àwòrán ìyá òun tó wà níwájú ìwé náà ṣú. Májísíréètì gba ìwé, ó wo àwòrán ọ̀hún fínnífínní. Ó wá ní kí n ka ohun tí ọkùnrin náà kọ sí mi lórí WhatsApp lẹ́yìn ìsìnkú. Mo kà á sókè: “Ẹ ṣeun gan-an ni. Gbogbo ẹbí ló yin iṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè di ìparí oṣù.” Kò rí nǹkan kan sọ mọ́. Wọ́n dá mi láre, ó sì ti ń san owó náà díẹ̀díẹ̀ bí kóòtù ṣe pa á láṣẹ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù tí mo kọ látòkè délẹ̀. Èmi lè kọ ọ́. Télọ̀ tí wọ́n jẹ lówó aṣọ ẹbí ńkọ́? Alásè tó ti fi owó àjọ ra ìrẹsì òde ńkọ́? Mo rí ìyá kan níta kóòtù tó ń wá ẹni tí yóò bá a kọ tirẹ̀. Àwọn ìwé tí oníbàárà rẹ̀ fọwọ́ sí wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó tò wọ́n bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra. Ẹ̀rí rẹ̀ kún ju tèmi lọ, síbẹ̀ níta ló wà. Ọdún 2018 yẹn kan náà ni ìjọba Èkó ṣòfin pé kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Kí ló dé tí Yorùbá kò lè dé orí ìwé tí a fi ń béèrè owó wa?

Mo bẹ ẹ̀ka ìdájọ́ Èkó pé kí wọ́n tẹ SCA 1 àti àlàyé bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n kó o dé àwọn ọjà àti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Mo bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú, kí ẹ bá wa gbé àlàyé náà sínú ìwé ìròyìn yín, ojú ewé kan tó o. Bó bá jẹ́ owó ìtẹ̀wé ló ń dí ìjọba lọ́wọ́, kí wọ́n wá sí Ṣómólú. Èmi yóò bá wọn tẹ̀ ẹ́ láìgba èrè lé e.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Atẹ̀wé kan, Ṣómólú, Èkó