Ọwọ́ Àkànní ńkọ́?

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Láti Sátidé ni mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Inú ọjà Bódìjà, nídìí aláta, ni Ìyá Ìbejì ti sọ fún mi pé epo gbígbóná ta sí Àkànní lọ́wọ́ níbi tí o ti ń dín àkàrà. Ìyá Ìbejì, Àdùkẹ́! Mo ṣe bí ẹni tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní ọṣẹ ìfọyín lo fi pa á. Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Bí epo bá jó ọmọ, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni kí o gbé ọwọ́ rẹ̀ sí fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe omi dídì, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa. Bó bá ti léròrò, ọsibítù ni, má dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá yín ti gba jígí tuntun, ó ní ti àtijọ́ ló dáa jù. Ìjì ṣí páànù ilé adìẹ lọ. Ọwọ́ ọmọ náà ńkọ́? Ọ̀tún ni àbí òsì?

Mo mọ̀ ọ́, o ó ti lé Àkànní àti àbúrò rẹ̀ kúrò nílé ìdáná pátápátá. Jọ̀ọ́, má ṣe é. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà tí ọbẹ̀ dà sí ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́sẹ̀. Mo ń sọ káàkiri pé ọkùnrin kì í dáná. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ́dún tó kọjá, kò lè ro àmàlà fún un, búrẹ́dì ló ń rà wọlé. Ó ń dùn mí títí di òní.

Jẹ́ kí Àkànní máa bá ọ bó ẹ̀wà. Bó bá ti rẹ, kó máa fọwọ́ rin ín nínú omi, kí èèpo léfòó, kó dà á nù. Omi yóò kún ilẹ̀. Nù ún, má pariwo mọ́ ọn. Kí àbúrò rẹ̀ máa bó ẹ̀gúsí, bó tilẹ̀ ń ju ìdajì sẹ́nu.

Ṣùgbọ́n bí epo bá ti gorí iná, kí ọmọ jáde. Má pọn ọmọ dín àkàrà o. Mo pọn ìwọ náà dín in, Ọlọ́run ló kó wa yọ. Yí ọwọ́ fíráìpáànù sí ọ̀dọ̀ ògiri. Gbé sílíńdà gáàsì yẹn síta. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí, níbi tí àwọn ọmọ ń jókòó sí gan-an. Bó bá ń rùn, ṣílẹ̀kùn, má fọwọ́ kan iná mànàmáná.

Àdùkẹ́, mi ò bínú. Mo bínú díẹ̀. Ya fọ́tò ọwọ́ náà ní ojúmọmọ, fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp bàbá yín, fóònù tèmi ti kún.

Èlùbọ́ wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ọjọ́ta lọ́la. Mo ti sanwó ọkọ̀, má jẹ́ kó tún gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ