Ẹ má pe máàpù ayé àròsọ ní eré ọmọdé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tẹ́ ẹ gbé jáde lórí àwọn tó ń kọ ìtàn fantasy, ìyẹn ìtàn ayé àròsọ tó kún fún idán, mo gbádùn ẹ̀ dáadáa, àfi ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti ní káwọn òǹkọ̀wé yéé fi àsìkò ṣòfò lórí yíya máàpù ayé tí kò sí níbì kankan, pé eré ọmọdé ni, pé gbólóhùn ló yẹ kí wọ́n gbájú mọ́. Èmi náà wà lára àwọn tó ń ya á, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́. Ẹ má bínú tó bá gùn.

Ká kọ́kọ́ fún un ní tiẹ̀ ná. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí wọ́n ti ń ya máàpù bọ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n ti sọ gbogbo òkè lórúkọ, wọ́n ti kun òkun ní àwọ̀ oríṣiríṣi, ìjọba lóríṣiríṣi ló wà níbẹ̀ tí kálukú sì ní àsíá tiẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n mú orí kìíní ìtàn ọ̀hún wá, wọ́n á kàn máa wojú yín ni. Mi ò lè gbèjà ìyẹn. Onítọ̀hún ń gbádùn ara ẹ̀ ni, kò sóhun tó burú níbẹ̀, kó ṣá má pè é ní ìwé kíkọ. Ibi tí èmi àti òǹkọ̀wé yín ti pínyà ni pé ó gbà pé ọ̀ṣọ́ ni máàpù, ohun tí wọ́n fi ń ṣe iwájú ìwé lẹ́wà. Rárá o. Orí máàpù lòǹkọ̀wé ti ń mọ iye ọjọ́ tí nǹkan máa gbà, ibẹ̀ ló sì ti ń mọ ohun tí kò lè ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ká ní ọ̀tá ń bọ̀ wá gbógun ti ìlú kan, ẹnì kan wá rí wọn lẹ́nu ibodè, ó sì gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ọba. Tó bá jẹ́ pé inú orí nìkan lẹ ti ń kọ ọ́, ońṣẹ́ yẹn á dé nígbà tó bá wù yín, á kàn já wọ ààfin ní òpin orí kẹta, ó parí. Àmọ́ ẹ fi ibodè àti ìlú ọba sórí ìwé, kẹ́ ẹ wá ní ọ̀nà tó wà láàárín wọn jẹ́ 300 kìlómítà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń rin nǹkan bíi 5 kìlómítà ní wákàtí kan, tó bá sì ń sinmi tó ń sùn lóru, 30 kìlómítà lóòjọ́ ti tó fún un, ọjọ́ 10 nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun ò lè yá tó o, torí ẹrù, torí oúnjẹ, torí àwọn tí ẹsẹ̀ ti ń ro, ká fún wọn ní 20 kìlómítà lóòjọ́, ọjọ́ 15. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Tí gbogbo wọn bá gbéra lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 5 péré lọba ní! Kí lèèyàn lè fi ọjọ́ 5 ṣe? Kò lè mọ odi tuntun. Kò lè ránṣẹ́ sí ìlú ọ̀rẹ́ tó wà ní 200 kìlómítà, torí kí ońṣẹ́ tiẹ̀ tó débẹ̀ wàhálà ti dé. Ó lè kó àwọn ọmọdé jáde, ó lè já afárá, ó sì lè pe àwọn ìjòyè jọ kí wọ́n máa bára wọn jiyàn títí ọjọ́ 2 á fi lọ nínú 5 yẹn, káwọn kan nínú wọn sì ti máa ránṣẹ́ sí ọ̀tá ní bòńkẹ́lẹ́. Ìtàn ti dé nìyẹn o, bẹ́ẹ̀ ilà kan tí mo fi pẹ́ńsù fà lásán ló bí i. Tí mo bá wá tún fi odò kan tí kò ní afárá dábùú ọ̀nà yẹn, ìṣirò á tún yí padà, torí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀wẹ̀ máa kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún èèyàn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù ńkọ́?

Àwọn òǹkàwé kì í ṣe òpè o. Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lálẹ́ táwọn èèyàn inú ìtàn yín kúrò nílé, tó sì jẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú ló ń tàn lálẹ́ tí wọ́n dé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ ti kọjá, ẹ ò lè sọ fáwọn òǹkàwé pé ọjọ́ 3 ni. Ẹnì kan máa kà á lórí ìka.

Ẹni tí mo máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ń bá mi jiyàn lórí èyí ni Robert Louis Stevenson, òǹkọ̀wé ará Scotland tó kọ ìwé Treasure Island. Lọ́dún 1881 òjò ò jẹ́ kí wọ́n ráyè jáde, òun àti ọmọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ bí fún ọkọ àárọ̀ jọ ń ya nǹkan nínú ilé, ló bá ya erékùṣù kan, ó kùn ún, ó sì kọ orúkọ sí i: Treasure Island. Ó ní bóun ṣe ń wo máàpù yẹn làwọn èèyàn inú ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sóun láàárín igbó orí ìwé náà. Máàpù ló ṣáájú, ìtàn ló tẹ̀ lé e. Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí ìwé, èyí tó jáde lọ́dún 1883, ó fi ìtàn àti máàpù ránṣẹ́ sáwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ìtàn dé, máàpù ò dé. Ó sọ nù sọ́nà, títí dòní. Ó wá di dandan kí Stevenson jókòó ka gbogbo ìwé tóun fúnra ẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó máa ṣa gbogbo ibi tó ti mẹ́nu kan òkè tàbí etíkun jọ, kó wá ya òmíràn tó máa bá gbogbo ohun tó ti sọ mu. Ọ́fíìsì bàbá ẹ̀ ni wọ́n ti yà á, bàbá ẹ̀ gan-an ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ayédèrú ìbuwọ́lùwé ọ̀gá àwọn ajalèlókun sí i (ẹ wo àgbàlagbà!). Síbẹ̀ Stevenson ní lójú tòun, èyí tí wọ́n tún yà yẹn ò di Treasure Island rí.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn torí pé ìdánwò gidi ló wà nínú ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àdánù ló bí i. Ẹ gbé máàpù yín pamọ́, ẹ fún ẹlòmíì ní ìtàn nìkan kó yà á látinú ohun tó kà. Tó bá gbé ìlú sí apá ibi tí kò yẹ, ẹ yẹ gbólóhùn yín wò. Tí kò bá sì rí nǹkan kan yà rárá, á jẹ́ pé àwọn èèyàn yín kàn ń léfòó láti yàrá kan bọ́ sí yàrá kejì ni, wọn ò rìn. Ẹ rí i pé a ti padà síbi gbólóhùn tí òǹkọ̀wé yín ń jà fún.

Ọ̀rọ̀ odò wá lèyí tó máa ń ká mi lára jù. Òfin kan ṣoṣo lomi ní: ibi tó rẹlẹ̀ ló ń lọ. Àwọn odò kéékèèké á máa pàdé ara wọn títí wọ́n á fi di ńlá, wọn kì í sábà pínyà bí wọ́n ṣe ń lọ, àfi nígbà tí wọ́n bá ti sún mọ́ òkun tí ilẹ̀ sì tẹ́jú, bí odò Náílì ṣe ya sí méjì ní Íjíbítì, ọ̀kan gba Rosetta, ọ̀kan gba Damietta. Adágún náà, ojú kan lomi sábà máa ń gbà jáde nínú ẹ̀, torí ibi tó bá rẹlẹ̀ jù létí ẹ̀ lomi máa wá, á sì máa gbẹ́ ibẹ̀ jìn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo máàpù àwọn ọ̀dọ́ wa: odò á jáde látinú òkun apá ìlà oòrùn, á la ilẹ̀ já, á sì wọ òkun apá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kì í ṣe odò mọ́ o, erékùṣù méjì lẹ yà yẹn.

Ẹnì kan á ní kò sóhun tí ò lè ṣẹlẹ̀ láyé. Òótọ́ ni. Odò kan wà ní Venezuela tó ń jẹ́ Casiquiare, ó ya kúrò lára Orinoco, ó lọ bá Rio Negro tó ń wọ Amazon, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ so odò ńlá méjì pọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹ. Alexander von Humboldt, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, fi ọkọ̀ ojú omi gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún 1800. Àmọ́ ṣé ẹ rí i pé títí di òní ohun àrà ni wọ́n ń pè é? Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí odò yín ya sí méjì láàárín ilẹ̀, ẹ yà á, ayé yín ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ káwọn ará ibẹ̀ náà mọ̀ pé ohun àrà ni, kí wọ́n kọ́ ilé ìsìn síbẹ̀ tàbí kí wọ́n máa pa ara wọn lé e lórí, torí ìjọba tó bá di oríta omi yẹn mú lá máa gbowó lọ́wọ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá. Bó bá sì jẹ́ oògùn ló ń mú omi gun òkè, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ń sanwó oògùn ọ̀hún.

Òkè ò lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú. Ẹ má kàn fọ́n wọn ká bó ṣe wù yín, wọ́n sábà máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn ni, ẹ sì rántí pé afẹ́fẹ́ tó gbé òjò bọ̀ láti òkun máa da púpọ̀ nínú ẹ̀ sí iwájú òkè kó tó kọjá, ẹ̀yìn òkè á wá gbẹ, bí ilẹ̀ Patagonia ṣe gbẹ lẹ́yìn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ibi tẹ́ ẹ bá fi igbó sí àti ibi tẹ́ ẹ bá fi aṣálẹ̀ sí, òkè àti afẹ́fẹ́ yẹn ló ń pinnu ẹ̀.

Àti pé ta ló sọ pé àwọn tó ń ya máàpù ayé gidi kì í ya àròsọ? Lọ́dún 1798, James Rennell, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ máàpù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òkè gígùn kan dábùú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń pè é ní òkè Kong. Kò sí òkè yẹn. Ohun tí Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, rò fún wọn nígbà tó ti ìrìnàjò dé ni Rennell gbé ìrònú ẹ̀ lé, òkè tó yà yẹn sì bá èrò ẹ̀ mu pé Odò Ọya ò lè ṣàn lọ sí gúúsù wọ òkun. Nígbà tó di 1830, àwọn Lander, arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀gbọ́n tàbúrò, bá Odò Ọya lọ títí ó fi wọ òkun ní gúúsù, ṣé ẹ rò pé wọ́n pa òkè rẹ́? Wọn ò pa á rẹ́ o! Eléyìí ń wo ti tọ̀hún yà, òkè ń jókòó lórí ìwé, àfìgbà tí ará Faransé kan, Louis-Gustave Binger, fẹsẹ̀ ara ẹ̀ débẹ̀ láàárín 1887 sí 1889 tó sì ní òun ò rí òkè kankan. Nǹkan bí 90 ọdún tí wọ́n fi ń ya ohun tí ò sí.

Ẹni tó bá ń kọ fantasy tó gbọ́ èyí tí itọ́ ò dà lẹ́nu ẹ̀, mi ò mọ ohun tó tún ń wá. Ohun tó kọ́ èmi ni pé máàpù méjì ló yẹ kéèyàn ní. Àkọ́kọ́ ni ti òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀, ìdọ̀tí gbáà, rọ́bà tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lu, iye ọjọ́ ló kún ẹ̀gbẹ́ gbogbo ọ̀nà, ẹlòmíì ò sì gbọ́dọ̀ rí i. Ìkejì ni èyí táwọn òǹkàwé máa rí, ìyẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan tó ń gbé nínú ayé yẹn, pẹ̀lú ohun tó mọ̀ àti ohun tó ń pa mọ́. Al-Idrisi, ayamáàpù ará Lárúbáwá, ya tiẹ̀ fún ọba Sicily lọ́dún 1154, gúúsù ló wà lókè. Kí ló dé tí àríwá fi gbọ́dọ̀ wà lókè nínú ayé tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá? Tó bá jẹ́ oníṣòwò ló yà á, ọjà á tóbi, abúlé á pòórá. Tó bá jẹ́ ọba tó ṣẹ́gun ló ní kí wọ́n yà á, ilẹ̀ àwọn tó ṣẹ́gun ò ní lórúkọ mọ́. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọ ìtàn yín gbẹ́kẹ̀ lé máàpù yẹn, kó bọ́ sọ́nà pẹ̀lú omi ọjọ́ 3, torí wọ́n ya kànga kan síbẹ̀ tó ti gbẹ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé àwọn ò mọ àwòrán yà, ẹ bu ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ dà á sórí ìwé funfun, ẹ fọwọ́ tì í díẹ̀díẹ̀ kó tàn, ẹ fi pẹ́ńsù tọ etí ẹ̀ yípo, kẹ́ ẹ kó ìrẹsì kúrò. Etí òkun lẹ yà yẹn, gbágungbàgun, ó dáa ju èyí tẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ fà lọ, torí ọwọ́ èèyàn máa ń fẹ́ jẹ́ kó rí róbótó. Àwọn hóró tó fò síta, erékùṣù nìyẹn. Mo mọ̀ pé Inkarnate àti Wonderdraft, àwọn ètò tí wọ́n fi ń ya máàpù, wà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì dáa, àmọ́ èmi ò kì í fi wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nǹkan á ti rí bí ohun tó parí, ohun tó bá sì ti rẹwà báyẹn, ó máa ń ṣòro fún èèyàn láti pa á rẹ́ nígbà tí ìtàn bá ní kó pa á rẹ́. Ẹ yà kìkì ibi tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn yín máa dé àti ibi tí wọ́n ń bẹ̀rù, ìyókù kó funfun.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, Olóòtú. Tẹ́ ẹ bá tún máa tẹ ìtàn àtìgbàdégbà tó ní máàpù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún un ní ojú ewé kan tó dá dúró, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kéékèèké sí igun, ẹ má sì nà án sórí ojú ewé méjì, torí ìlú tí gbogbo ìtàn dá lé lórí ló sábà máa ń bọ́ sí ojú ìṣẹ́po. Kí òṣùwọ̀n kìlómítà sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àwa kan máa wọ̀n ọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó ń kọ ìtàn fantasy