Níbo ni ẹni tí kò ní mọ́tò fẹ́ gbà ní Lagere?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta, torí ìka ẹsẹ̀ mi ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ń mú ọmọ ọmọ mi lọ sílé ìwé, a gba Lagere ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ẹnì kan ti gbé jíìpù dúdú ràgàjì kan gorí síláàbù gọ́tà tí a máa ń gbà, ó tì í pa, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún, jíìpù fẹ̀gbẹ́ kan ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ òsì, títì ni. A bọ́ sí títì. Ká ní ká yí imú mọ́tò náà po ni ọlọ́kadà kan já lù wá. Ọwọ́ alùpùpù rẹ̀ kọ́ okùn báàgì ọmọ, okùn já, kúlà oúnjẹ rẹ̀ sì fò sínú gọ́tà, pẹ̀lú ìrẹsì tí mo jí sè láago márùn-ún ìdájí. Èmi fẹsẹ̀ gbá etí síláàbù. Ọlọ́kadà ò dúró. Gbogbo ohun tó sọ ni pé, “Màmá, ẹ máa wojú títì!”

Ojú títì ni mo kúkú ń wò. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà ni mi ò rí.

Wọ́n ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Ti Lagere kọ́. Láti Mayfair títí dé ibẹ̀, mọ́tò ló ni títì, mọ́tò ló tún ni ẹ̀bá títì. Ọ̀gá tí wọ́n ní kó bójú tó ọ̀nà ìlú, inú mọ́tò tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló ti ń wo ìlú láti ojú gíláàsì. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ti le, oògùn kan ṣoṣo ló wà lápò wọn: kí wọ́n fẹ títì. Wọ́n á gé igi, wọ́n á wó ìsọ̀ àwọn ìyá aláta, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé níbo ni ẹni tí kò ní mọ́tò fẹ́ gbà.

Ọmọ mi kan ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà. Ó sọ fún wa pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Katy Freeway, tí wọ́n fẹ̀ parí ní 2008. Níbi tó fẹ̀ jù, mọ́tò 26 lè tò ní ìbú rẹ̀, tí a bá ka àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ló ń pa, àfìgbà tó fi fọ́tò ránṣẹ́. Owó tí wọ́n ná sí i lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí gosìló tún padà dé, tó sì le sí i. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: bí ọ̀nà bá ti fẹ̀, ẹni tó ń dúró kí ọ̀nà dá tẹ́lẹ̀ á jáde láàárọ̀ kùtù, ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì á gbé mọ́tò, ẹlòmíì á lọ kọ́lé sí ẹ̀yìn odi. Ọdún 2008 yẹn náà ni Èkó ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 lọ sí CMS. Èkó tí a máa ń bú o!

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi ní Mayfair, mo gbé ẹsẹ̀ tó wú lé àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka mọ́tò. Nínú 20 tó kọ́kọ́ kọjá, 14 ni awakọ̀ nìkan dá wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń kó ara wọn láàárín gọ́tà àti táyà. Àwọn yìí ò kéré o! Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, àwọn tó ní mọ́tò gan-an ti ń fẹsẹ̀ rìn.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n bo gọ́tà láti Mayfair dé Lagere, lápá méjèèjì, pẹ̀lú síláàbù tó nípọn, tó ga ju títì lọ. Kí wọ́n fi irin ìdìmú sí i, ká lè máa ṣí i gbá gọ́tà kí òjò tó dé, torí èyí tí wọ́n bò pa níwájú ilé wa, ńṣe ni omi rẹ̀ ń ya wọlé. Kí wọ́n wá ri òpó kọnkéré kéékèèké sí etí rẹ̀. Kí àlàfo àárín òpó gba ìyá tó pọnmọ tó sì ru igbá, kó gba bárò aláàárù, kó gba kẹ̀kẹ́ arọ, ṣùgbọ́n kó má gba jíìpù. Kí wọ́n má lé aláta. Kí ó jókòó sẹ́yìn, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Kí wọ́n gbin igi tó máa ṣíji bò wá. Bíríkìlà àdúgbò wa ní Ìlàre wo síláàbù tó wà nílẹ̀, ó ní iṣẹ́ tí òun àti ọmọ iṣẹ́ òun lè ṣe ni, kì í ṣe iṣẹ́ òyìnbó. Wọ́n á ní kò sówó. Wọ́n rówó fẹ títì.

Bọ́ọ̀sì ńlá láti Sábó dé géètì Yunifásítì náà yóò dára, kó ní ibi ìdúró gidi. Ẹni tó bá gbé mọ́tò sí ẹ̀bá títì, kó sanwó rẹ̀. Ní Bogotá, olú-ìlú Colombia, láti 1974 ni wọ́n ti ń ti ọ̀pọ̀ títì mọ́ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú; Ẹnuwà, iwájú ààfin Ọọ̀ni, tí àwọn ará Ìrẹ̀mọ, Ìlàre, Mọ̀ọ̀rè, Òkèrèwè àti Ìlóde ti ń fẹsẹ̀ rìn pàdé láyé àtijọ́ lè dán an wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ náà bi mí pé ṣé ọ̀nà ẹ̀yìn la máa gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún, a sì pẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo yà sí Lagere. Jíìpù dúdú náà ṣì wà lórí síláàbù.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́-fẹ̀yìntì kan, Ìlàre, Ilé-Ifẹ̀