Ẹ jẹ́ kí owó kọ́kọ́ lọ sórí sound card kó tó kan kọ̀ǹpútà

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà arákùnrin tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní ẹni tí kò bá tíì ní owó Mac, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Apple, lọ́wọ́, kó má wulẹ̀ dá gbígba orin sílẹ̀ nílé lábàá. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gba oríkì àti ìlù sílẹ̀ nínú yàrá kan nílé wa ní Lágéré, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ohun tí ojú mi sì ti rí ni pé sound card, ìyẹn àpótí kékeré tí a ń ki okùn máíkì bọ̀ kí ohùn tó dé inú kọ̀ǹpútà, ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ náwó lé.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wá kì oríkì ìdílé wa fún mi. Mo fi hẹ́ẹ̀dìfóònù bò wọ́n létí, wọ́n gbẹ́nu lé e, àfi bí wọ́n ṣe dákẹ́ lójijì, tí wọ́n ṣí i kúrò létí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ló ń sín mi jẹ nínú nǹkan yìí?” Ohùn tiwọn ni, tó ń pẹ́ kó tó padà dé etí wọn. Kọ̀ǹpútà kì í gba ohùn wọlé bí omi tó ń ṣàn. Ó máa ń bù ú ní ìwọ̀n-ìwọ̀n ni, ìwọ̀n ọ̀hún sì ni wọ́n ń pè ní buffer. Tèmi wà ní 1,024 lọ́jọ́ náà. Nígbà tó jẹ́ pé ìgbà 44,100 ni ẹ̀rọ ń wo ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n kan ń gba nǹkan bí ìdá 23 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kó tó kún, bẹ́ẹ̀ ohùn gbọ́dọ̀ wọlé kó sì tún jáde. Mo fà á wálẹ̀ sí 128, ó di nǹkan bí ìdá 3. Màmá padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ki oríkì náà dé òpin.

Lórí Mac, Apple ti fi Core Audio, ìyẹn ètò tó ń darí ohùn, sínú ẹ̀rọ láti ilé wọn, ìdí nìyí tí àwọn tó ń lò ó kì í fi í mọ ìyọnu yìí tó bẹ́ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ètò mìíràn tó ń jẹ́ ASIO, tí ilé-iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì gbé jáde ní 1997, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wádìí bóyá àwọn tó ṣe sound card náà ní driver ASIO tiwọn fún un, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti àpótí náà gbọ́ ara wọn yé. Ẹ tún wá bọ́tìnì direct monitor lára rẹ̀, tó ń gbé ohùn láti máíkì lọ sí etí tààrà láì gba inú kọ̀ǹpútà kọjá.

Ọ̀rọ̀ iná ni arákùnrin wa kò tilẹ̀ mẹ́nu bà rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ká mi lára jù. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni sound card tí mo kọ́kọ́ rà ti ń gba iná. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká á ṣì wà láyè lórí bátìrì, àpótí á ti kú, ohun tí a ń gbà á sì já lágbede méjì. Bí mo bá tan jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ ni máíkì máa gbé. Èyí tí mo ń lò báyìí, Focusrite Scarlett 2i2, okùn USB tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà náà ló ń fún un níná, títí kan fólítì 48 tí máíkì kondẹ́ńsà nílò. Ojú méjì ló ní fún máíkì: ọ̀kan fún akéwì, èkejì fún ìyáàlù, onílù á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ìlù má baà bo ohùn mọ́lẹ̀. Ìyáàlù lè máa rọra sọ̀rọ̀ títí kí onílù tó là á mọ́lẹ̀ lójijì, nítorí náà mo máa ń dín agbára máíkì kù dáadáa. Bí iná pupa ara àpótí bá ti tàn, ohùn ti fọ́ nìyẹn.

Mac ní ìwúlò tirẹ̀, n kò sẹ́. MacBook Air tó jáde láti ìparí 2020 kò ní fáànù, èyí sì jẹ́ oore ńlá nínú yàrá tí máíkì wà. GarageBand, ètò ìgbohùnsílẹ̀ tó bá a wá, kì í ṣe títà. Ṣùgbọ́n Reaper, ètò ìgbohùnsílẹ̀ mìíràn, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Mac àti lórí Linux, dọ́là 60 sì ni ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó nílé. Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, kó rí i pé ó lè gba Windows 11, torí Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025.

Tòkunbọ̀ ni èyí tí mo fi gba ohùn Màmá. Bí arákùnrin wa bá ń gba Lágéré kọjá, kó yà sílé wa kó wá gbọ́ ọ.

Òǹkàwé yín,
Lágéré, Ilé-Ifẹ̀