Lẹ́tà sí Àkànní: ewì tó ń wá lásìkò tí kò rọgbọ

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Ṣé dáadáa ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà? Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní inú balùwẹ̀, ìdí ọkọ̀ àti ọ̀gànjọ́ òru ni ewì máa ń bá ọ, tí o bá fi máa mú bírò, á ti pòórá.

Má gbẹ́kẹ̀ lé iyè. Ní 1959, Lloyd àti Margaret Peterson, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ní kí àwọn èèyàn rántí lẹ́tà mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa ka oókà sẹ́yìn kí wọ́n má bàa ráyè tún un wí. Kí ìṣẹ́jú àáyá 18 tó pé, èyí tó pọ̀ jù ti lọ. Nítorí náà, nínú balùwẹ̀, má panu dé: máa wí ìlà náà sókè títí wàá fi nura. Fi okùn so pẹ́ńsùlù àti páálí funfun mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bírò kì í mú lórí bébà tó tutù. Tí o bá sì gbé bébà ti ògiri kọ ọ́, íǹkì á dá.

Nídìí ọkọ̀, o mọ̀ pé owó ìtanràn £200 àti póńtì ìjìyà 6 lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni ẹni tó bá gbé fóònù lọ́wọ́ ń gbà ní ìlú ọba, ì báà jẹ́ níbi iná ojú títì. Máa wí i lẹ́nu títí wàá fi rí ibi páàkì. Gbígba ohùn sílẹ̀ ni kí o ṣe, má ní kí fóònù kọ ọ́ fún ọ. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí, Gẹ̀ẹ́sì tí kò nítumọ̀ ni yóò sọ Yorùbá rẹ dà. Má sì gba orí WhatsApp kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lo máa kọ́kọ́ kà níbẹ̀, ó sì parí nìyẹn.

Wí ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú ohùn tó fi wá, lẹ́yìn náà ní pẹ̀lẹ́. Bí o bá fi imú kọ ọ́ nìkan, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ lo máa bá lọ́la, bí ìlù tí àyàn ń lù tí o kò mọ òwe tó ń pa. Kí o tó tẹ̀ ẹ́ pa, fi kún un: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá wí, kí ló fa á? Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akéwì ti ń kọsẹ̀, lójú tèmi. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀, wọn ò ní mú ìdí ọ̀rọ̀.

Ti òru ló le jù. Otto Loewi, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìlú Graz ní Austria, jí lóru kan ní 1920, ó kọ èrò kan sórí bébà pélébé, ó padà sùn. Ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ìkọ̀wé ara rẹ̀! Ó ríire ni, èrò náà padà wá lóru kejì ní agogo mẹ́ta, kò sì dúró kọ ọ́ mọ́. Yàrá ìwádìí ló gbà lọ, ó dán an wò lára ọkàn àkèré. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1936. Ìlà ewì kì í sábà padà bẹ́ẹ̀. Jókòó dáadáa, kọ ọ́ gàdàgbà, ìlà kan sójú ewé kan, má yọ àmì ohùn sílẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ kejì, da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí o pa èyí tí kò bá yé ọ mọ́ rẹ́. Tí o bá jẹ́ kó tó ogójì lórí fóònù, o ò ní tún un gbọ́ láé.

Èyí tó bá wá lọ́sẹ̀ yìí, fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó tún un ṣe.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó